Ibi Tí Màmá Máa Jókòó

Òtútù ọyẹ́ tún gbé yìnyín dé Ìbàdàn, Fadérera sì dáná sínú ààrò tí wọ́n mọ sára ògiri pálọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ògiri tó dojú kọ ààrò ni tẹlifíṣọ̀n wà, inú rẹ̀ sì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń bá wọn tàkúrọ̀sọ lálaalẹ́ láti orí òṣùpá. Ẹni tó bá kọjú síná ti kẹ̀yìn sí Màmá nìyẹn! Fadérera gbé àga síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún, kò bọ́ sí i.

Bí Màmá ṣe yọjú, Fadérera kúnlẹ̀.

“Ẹ káalẹ́, Mà. Ẹ má bínú, iná la fẹ́ yá.”

“Iná kẹ̀? Wọn ò gbà ká dáná lọ́dọ̀ wa níbí. Ìyàwó mi, yọ mí kúrò lára ògiri, jàre!”

Fadérera gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àga tó dáa jù, láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Gbogbo wọn wá kọjú síná, níbi tí iṣu kan ti ń jinná lọ. Ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru ni Màmá figbe ta:

“Ìyàwó! Yí iṣu yẹn kíá, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń jóná!”