Kóṣáàdán àti Igi Inú Àwo Pẹlẹbẹ

Ọkùnrin kan wà tó ń ta igi inú ìkòkò. Ohun tí ojú bá rí nìkan ló kà sí. Ohun tó wà lábẹ́ erùpẹ̀ kò kàn án rárá. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Kóṣáàdán, nítorí bí wọ́n bá ti bá a wí, èsì rẹ̀ kò ju "kó ṣáà dán" lọ.

Igi tó ga ju ènìyàn lọ, inú àwo pẹlẹbẹ tí kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ń gbìn ín sí, torí àwo náà rẹwà. Á fi sìmẹ́ńtì dí ihò ìdí rẹ̀, kí omi má baà ro sílẹ̀ ilé oníbàárà. Amọ̀ líle ló ń rọ́ sínú rẹ̀. Bí ewé bá ń rọ, á fi òróró nù ún kó lè máa kọ mànà.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a po erùpẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, gbòǹgbò igi yìí ò níbi tó máa gbà. Ẹ jẹ́ ká wá ìkòkò tó jìn, ká po iyanrìn àti ewé jíjẹrà mọ́ amọ̀ yìí, kómi sì rọ́nà jáde."

"Ṣé gbòǹgbò ni oníbàárà ń wò ni?"

Èyí tó ga jù nínú wọn, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó gbé e ka orí òpó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ìyá náà máa ń jókòó sí níwájú ilé. Inú ìyá dùn. Ẹni tó bá kọjá, á ní, "Ọmọ mi ló gbìn ín fún mi o!"

Kò pẹ́ tí òórùn kíkan fi ń jáde nínú àwo náà. Ìyàwó fọwọ́ kan igi, ó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó sáré tọ ọkọ rẹ̀ lọ.

"Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó! Ẹ gbé igi yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá."

Ọkọ lọ lóòótọ́, àmọ́ òróró ló mú lọ. Ó nu ewé, ó sì ki òkúta mọ́ ìdí igi.

"Ọmọ mi, igi yìí ń rùn," ni ìyá wí.

"Ajílẹ̀ ni, Màmá. Ẹ máa jókòó yín." Ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi dúró digbí sínú àwo. Ní ọjọ́ kẹrin, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣáá ló fẹ́, igi wó tòun tàwo lu ìyá ní ìbàdí. Nígbà tí Kóṣáàdán gbé igi náà kúrò, gbòǹgbò ti dúdú, ó ti rà.

Ìyá kò kú, ṣùgbọ́n kò tún dìde rìn mọ́. Nílé ìwòsàn, ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Kóṣáàdán dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ọmọ mi mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Bí igi bá ṣe ga tó ni ká ṣe wá ìkòkò tó jìn fún un, kí erùpẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kómi sì rọ́nà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà. Ẹni tó ń kun òkè tó jẹ́ kí ìdí jẹrà, tó tún ń purọ́ fẹ́ni tó fọkàn tán an, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí i nígbà tó bá wó, ó sì lè jẹ́ orí ẹni tó fẹ́ràn jù lọ ni yóò wó lé.