Ọjọ́ Tí Mo Ti Gúrúùpù Wa Pa

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Niamey. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gúrúùpù Wasáàpù wa wà.

Gúrúùpù ti kún, láti àná ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń bú ara wọn lórí bóyá kí a kó lọ sórí áàpù mìíràn.

Láńre tó ń ta fóònù ní àdúgbò Kalley sọ pé kí a kó lọ sí Tẹligíráàmù, pé ó gba èrò ju èyí lọ.

Alhaji Jàfárù ní, "Wasáàpù nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀."

Jùnáídù tó ń ta aṣọ ní Banifandou ló ń pariwo jù nínú àwọn tó wà lẹ́yìn Alhaji.

Láàárọ̀ yìí, èébú ti kan ìyá oníyàá. Mo ti gúrúùpù pa. Èmi nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ báyìí. Mo ní kí kálukú fi ìbò ránṣẹ́ sí mi.

Fóònù mi ń dún. Jùnáídù ni. Mo gé ìpè rẹ̀.

Ó tún pè. Mo tún gé e.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ! Hàbá! Ṣé torí ìbò náà ni? Mo bá dí nọ́ńbà ẹ̀ pa.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ka ìbò. Tẹligíráàmù ló wọlé.

Mo ṣí gúrúùpù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ patẹ́wọ́ fún ara yín. Ìjọba tiwa-n-tiwa nìyí!"

Ọ̀rọ̀ Jùnáídù ló kọ́kọ́ wọlé.

"Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Àbẹ̀ẹ́bí ìyàwó mi bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ń wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Ẹ ti gúrúùpù pa, ẹ ò sì gbé ìpè mi.

A sin ín lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti kéde ẹ̀? Ibí ni, àbí ilé tuntun?"