Òmùwẹ̀ Tí Omi Tó Dákẹ́ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbé Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gba ojú ìtàn yìí kọjá. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín mọ̀wẹ̀.

1.
Ọmọkùnrin kan wà nílé ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹja. Ife-ẹ̀yẹ tó gbà nídìí ìlúwẹ̀ẹ́ kún orí tábìlì tẹlifíṣàn ìyá rẹ̀ débi pé wọn ò ríbi gbé rìmóòtù sí mọ́.

Tíṣà tuntun kan dé, obìnrin tí kì í pariwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa òkun.

“Kì í ṣe apẹja nìkan ni òkun ń bọ́ o,” ó ní. “Àwọn kan wà tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun, kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta.”

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ nawọ́. “Mà, iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣe.”

Ẹja bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tómi ò tíì dé orúnkún ẹ tó o ti ń ké? Òkun wo lo fẹ́ lọ?”

Gbogbo kíláàsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

2.
Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ṣèwádìí ìsàlẹ̀ òkun ṣèlérí láti mú akẹ́kọ̀ọ́ kan wọkọ̀ nígbà ìsinmi, kó lè rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ tó fẹ́ yan ẹni náà, tíṣà kó wọn lọ sétíkun. Ẹja ti di báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ta tún ni wọn ì bá mú?

Tíṣà nàka sómi. “Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, omi ń bọ̀ ni. Ibi tó dúdú tó sì dákẹ́ láàárín wọn, ibẹ̀ lomi ń gbà padà, agbára rẹ̀ sì ju tèèyàn lọ. Bó bá fà yín, ẹ má bá a jà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́.”

Ẹja ò gbọ́. Ó ń fi fóònù ya ara rẹ̀.

Bí tíṣà ṣe lọ kí ọ̀gá ọkọ̀ báyìí, Ẹja bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Onígíláàsì sáré bá a.

“Má wọ ibẹ̀ yẹn! Omi ń gba ibẹ̀ padà!”

“Ibi tó dákẹ́ jù? Ta ló bi ẹ́?”

Ló bá bẹ́ sómi.

3.
Kò pẹ́ tó fi rí i pé òun ti jìnnà. Ó kọjú sí ilẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára wẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ilẹ̀ ń sá fún un. Apá rẹ̀ kú. Omi iyọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó ké pe ìyá rẹ̀.

Onígíláàsì ò wọmi. Ó ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ó sáré lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ń ju apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́.

“Má bá a jà! Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi! Gba ẹ̀gbẹ́!”

Ẹja rí i. Ó dẹ ara sílẹ̀, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń wẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, omi tú u sílẹ̀. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bọ̀, ẹ̀ṣọ́ kan ju okùn sí i, ó sì fà á jáde.

“O gbà mí là,” Ẹja ń sọ fún Onígíláàsì lórí iyanrìn.

“Bi omi yẹn jáde ná,” Onígíláàsì dá a lóhùn, omijé lójú.

4.
Ọ̀gá ọkọ̀ ti rí gbogbo rẹ̀. “Ìwọ ni mò ń mú lọ,” ó sọ fún Onígíláàsì.

“Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀wẹ̀, sà.”

“A lè kọ́ ẹ ní ìwẹ̀. Ẹni tí kì í gbọ́ràn ni mi ò lè gbé sínú ọkọ̀ mi.”

Ẹja sunkún délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, ó dìde, ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Onígíláàsì ní ìwẹ̀ kó tó wọkọ̀.

Lónìí, Onígíláàsì ni olórí àwọn tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ èbúté, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tú jáde. Tíṣà tí kì í pariwo yẹn, ó pariwo ayọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há ní ọ̀sán ọjọ́ náà!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra o. Bó ti wù kẹ́ ẹ mọ nǹkan tó, ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún yín. Ẹja rí àánú gbà. Ọ̀pọ̀ ò rí irú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka èyí sétí ọmọ yín kó tó tún wọ òkun.