Ẹnu Tí Kò Lè Fèsì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ aránṣọ kan, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Aṣọ tí o rán fún ìyàwó pásítọ̀ yẹn, ṣé ojú ń dùn ọ́ lọ́jọ́ náà ni? Èjìká kan ń lọ sọ́jà, èkejì ń ti oko bọ̀."

Aránṣọ wolẹ̀. Ìyàwó ilé kì í fún ẹ̀gbọ́n ọkọ lésì. Láti ìgbà tí aránṣọ ti ti ọsibítù dé, kì í fẹ́ rí oúnjẹ sójú, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní bí kò bá jẹun, wọ́n á dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fẹ́ ti àwo náà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí i, ẹnu rẹ̀ a máa wá ohun tí yóò rún. Ó fa àwo mọ́ra, ó mú eegun adìẹ, ó rún un wómúwómú bí ẹni pé ọrùn ẹnìkan ni.

"Rọra o," ni Àǹtí wí. "Adìẹ ti kú tẹ́lẹ̀."

Lọ́sàn-án, ẹ̀pà ló gbé wá, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ náà gbọ́n ju ẹni tó ń wà á lọ. Ẹ̀pà tán. Nírọ̀lẹ́, ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin dé, ó ní ọmọ káfíńtà ọjọ́sí ló yẹ kí àbúrò òun fẹ́, ẹni tó rẹwà, tó sì mọ aṣọ wọ̀. Díẹ̀ ló kù kí aránṣọ bu ìka ara rẹ̀ jẹ mọ́ búrẹ́dì.

Bí ọkọ rẹ̀, tó ń tún fìríìjì ṣe, ti tibi iṣẹ́ wọlé, aránṣọ dìde lọ pàdé rẹ̀. Omijé ìbínú lé ròrò lójú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, mo ti mú un mọ́ra títí, ó ti sú mi. Kí ẹ̀gbọ́n yín kúrò nílé yìí lọ́la, àbí kí n gbé ẹ̀rọ mi rù, kí n gba ilé bàbá mi lọ."

Ọkọ wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé o lè gbé ẹ̀rọ náà?"

"Ẹ tún ń fi mí ṣẹ̀sín! Mo lè gbé e, kí n gbé ẹ̀yin náà lé e!"

"Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ́."

Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí mi, ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ ni kí ẹ bú, torí ẹ̀wà, tí kò fẹ́ràn rárá, la fẹ́ kó jẹ."