Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Lẹ́yìn Náà Ẹ̀ẹ̀kan

Ẹ̀rọ agbéniròkè dúró gbagidi láàárín àjà kejì sí ìkẹta, ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìn tì sì há sínú rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn irin bí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe máa ń kàn án: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe níta kàn án padà bákan náà.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rèé."

Ọ̀gá fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Abẹ́ ilé tó wó lójú ogun ni wọ́n fi Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ ogun rẹ̀, sílẹ̀ sí. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe ń kan ògiri; ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa lọ.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, o ṣì wà láyé! A ò gbọ́ ẹ lọ́jọ́ náà o."

Irinṣẹ́ tó ń dún níta dákẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa àga, ó jókòó.

"Ẹ máa kàn án lọ, ọ̀gá. Èmi ń gbọ́ yín."