Lẹ́tà Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tó Gba Ojú Cyril

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbedeméjì o. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, torí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì fẹ́ kó bí ẹ̀yin náà.

Ní Skegness létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cyril Ablett sin Mavis ìyàwó rẹ̀. Nígbà ayé Mavis, ó máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń tọ́jú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó, àwọn tó gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri etíkun títí agara fi dá wọn. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ bí Mavis ṣe kú, tí owó dáwọ́ dúró, ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gba ihò ara ilẹ̀kùn wọlé. Lónìí, bírò á wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀bùn. Lọ́la, kàlẹ́ńdà. Níjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan pé: "Mavis ọ̀wọ́n, àárò yín ń sọ wá. Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Cyril jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó gbé fóònù.

"Ẹ yọ orúkọ ìyàwó mi kúrò. Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Àmọ́ òfin ní ẹni tó ni orúkọ gan-an la lè bá sọ̀rọ̀."

"Mo ní ó ti kú!"

"Ó yé mi sà. Ṣé wọ́n lè pè wá fúnra wọn?"

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Kí òkú wá gbé fóònù!

Ibi tí Cyril ti wá ṣìnà nìyí. Àpò ìwé tí ẹgbẹ́ náà ti san owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí èèyàn lè fi owó sínú rẹ̀ dá padà, kún dúrọ́ọ̀ Mavis ní ilé ìdáná. Cyril ní òun náà á fi han wọ́n. Gbogbo bébà tó bá bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìpolówó oníbúrẹ́dì ni o, ti olóṣèlú ni o, á rún un mọ́ inú àpò wọn, á fi ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n máa sanwó ẹ̀. Kò já ọ̀kankan wò mọ́.

Lorna ọmọ rẹ̀ kìlọ̀ fún un. "Dádì, ẹ máa já wọn wò. Ẹ ń retí lẹ́tà abẹ́rẹ́ ojú yín o!"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Tí mo bá rí lẹ́tà ilé ìwòsàn, mo mọ̀ ọ́n!"

Irọ́ ni. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ọ̀tún tó kù, ẹ̀jẹ̀ ti ń jò lẹ́yìn ẹyinjú, dókítà sì ti ní abẹ́rẹ́ nìkan ló lè gbà á là, kó má sì pẹ́. Lẹ́tà ilé ìwòsàn dé nínú àpò funfun bíi ti gbogbo wọn. Cyril rún un mọ́ bébà oníbúrẹ́dì, ó fi ránṣẹ́ sáwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà rí i, àánú ṣe é, ó fi í sínú àpò tiwọn, ó dá a padà kíákíá. Cyril rí àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lára àpò.

"Ẹ tún ti dé? Aláìnítìjú!"

Kò já a. Ó dá a padà fún wọn.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Cyril ò lọ, kò sì pe ẹnikẹ́ni, ni ilé ìwòsàn bá yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ayé! Orúkọ òkú, wọn ò rí i yọ. Ti alààyè ni wọ́n yọ.

Ìgbà tí Lorna bá a tó ń da tíì sórí tábìlì, tó rò pé inú ife ni, ló tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà mi orí. "Bàbá, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí? Ojú náà ti fọ́, abẹ́rẹ́ ò lè ràn án mọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà náà tún dé. Lorna ló já a. Ti ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan: "Ẹ̀ẹ̀kejì tí a ń dá èyí padà rèé sà. Ó jọ pé ó ṣe pàtàkì. A ti yọ orúkọ ìyàwó yín. Ẹ má bínú."

Cyril yíjú sí ògiri.

"Lorna, ṣé fọ́tò màmá ẹ ṣì wà lára ògiri yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, Dádì. Iwájú yín gan-an ni."

"Mi ò rí i."

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ aláàánú tí ẹ ń kọ̀wé sí òkú, ojú tì yín! Tí ọkọ bá ní aya òun ti kú, ẹ gbà á gbọ́. Àmọ́ ìwọ tí ò ń ka èyí, bínú o, ẹ̀tọ́ ẹ ni. Ṣáà já lẹ́tà ẹ kó o tó bínú sí i, má sì fi ara ẹ gbẹ̀san lára ẹlòmíì. Àwọn àgbà ti wí i: a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí.