Ibi Tí Omi Òkun Ń Ṣàn Sí

Ní ọdún 1991, agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúndìran dé sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èjìgbò. Ìmọ̀ nípa òkun ló kà ní yunifásítì. Ọ̀gá ilé ìwé bi í ohun tó fẹ́ fi òkun ṣe ní ìlú tó jẹ́ pé oko ló yí i ká. Ògúndìran ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun á kọ́ àwọn ọmọ tó bá fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wá pọ̀, torí wọ́n rò pé yóò kó wọn lọ wo òkun l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n rí i pé bàsíà omi àti iyọ̀ lásán ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rùkáyátù ò lọ.

Ìyá rẹ̀, Sìdíkàt, tó ń ta aṣọ lọ́jà, gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò.

"Òkun tó gbé bàbá rẹ lọ lo wá ń kọ́ níwèé?"

"Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ́ ọ, Màmá."

"O ò ní lọ mọ́."

"Mo máa lọ. Ẹ má bínú."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ikú Mùtàlíbù, bàbá Rùkáyátù. Àbíjàn ló ń gbé, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin Èjìgbò. Nígbà tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́, Sìdíkàt wọ mọ́tò lọ wá a. Fìlà rẹ̀ ló mú bọ̀. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé Mùtàlíbù bá àwọn apẹja wọ ọkọ̀ l'Ábíjàn, ọkọ̀ dojú dé, wọn ò rí òkú rẹ̀, àmọ́ omi gbé fìlà rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Sásándrà, ìlú mìíràn létí òkun ibẹ̀. Gàníyù, àbúrò Mùtàlíbù, ló kéde ikú náà ní mọ́sáláṣí. Òun náà ló bọ́ sórí oko kòkó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà Masifa, ó ní òun á máa bójú tó o. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe àdúrà fún olóògbé, òun ló máa ń sọ ìtàn náà, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Sìdíkàt kì í sunkún ní tirẹ̀. Á bu oúnjẹ fún àwọn àlejò, á sì wọlé lọ. Àwọn ẹbí ní kó fẹ́ Gàníyù, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Sìdíkàt kó aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í pa. Rùkáyátù ró ìró, ó wọ bùbá, ó gba ilé ìwé lọ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó síwájú pátápátá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ bá a débẹ̀.

"Tísà, ibo lẹ kọ́ wọn dé?"

"Iyọ̀ inú òkun la wà, ìyá. Ibi tó ti ń wá."

"Kí ló kàn?"

"Ìgbì. Lẹ́yìn ìyẹn, bí omi ṣe ń ṣàn."

"Ti iyọ̀ yẹn ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ọmọ tèmi mọ síbẹ̀."

Ògúndìran fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òun ò lè lé ẹni tó fẹ́ kàwé jáde. Sìdíkàt wo ọmọ rẹ̀ títí. Ọmọ náà ò gbé ojú kúrò. Nígbà tó yá, ìyá padà sọ́jà.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ dé orí bí omi ṣe ń ṣàn, Ògúndìran fi ṣọ́ọ̀kì ya etí òkun sójú pátákó. Ó kọ Àbíjàn sápá òsì, ó kọ Èkó sápá ọ̀tún, ó wá fa ọfà láti Àbíjàn wá sí Èkó.

"Apá ọ̀dọ̀ wa ló ń ṣàn bọ̀. Ohun tó bá já sómi l'Ábíjàn, ọ̀nà Gáná ni kẹ́ ẹ gbà wá a."

Rùkáyátù dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni Sásándrà wà?"

Ògúndìran fi àmì kan sí apá òsì Àbíjàn, lẹ́yìn ọfà náà.

"Ṣé nǹkan lè já sómi l'Ábíjàn kó lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀?"

"Á ṣòro. Àfi tó bá lè lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí omi."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Rùkáyátù rọra jókòó. Oko kòkó ló wá sí i lọ́kàn, àti omijé Gàníyù.

Nígbà tí àdúrà ọdún kù dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ rí i pé kò jẹun.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Bí omi ṣe ń ṣàn."

Sìdíkàt gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. "Má wá síbi àdúrà lọ́la. Ara rẹ ò yá."

"Ara mi yá, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, Alùfáà Tàjùdíìnì parí àdúrà, Gàníyù sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ Sásándrà, Rùkáyátù dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Bàbá, irọ́ ni."

Àwọn àlejò yíjú sí i.

"Omi òkun kì í gbé nǹkan láti Àbíjàn lọ sí Sásándrà. Apá Gáná ló ń ṣàn sí. Ẹ̀yin lẹ wà lórí oko bàbá mi, ẹ sọ ibi tí òun alára wà fún wa."

Alùfáà ní kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì.

"Mi ò ní kúnlẹ̀ sà, àyàfi tí wọ́n bá dá mi lóhùn."

Gàníyù nu ojú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé rárá. "Ọmọ mi, èmi ò dé Àbíjàn rí. Ohun tí ìyá rẹ sọ fún mi ni mo ń sọ."

Sìdíkàt gbé àwo oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nàró ṣánṣán, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀ nìkan: "Bàbá rẹ wà láàyè ní Sásándrà, òun àti ìyàwó tó fẹ́ síbẹ̀, ó ní kí n wá sọ nílé pé òun ò bí ọmọ kankan sí Èjìgbò, ni mo bá fi ẹnu pa á sínú òkun, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."